Ẹni Tí Kò Sí Nílé

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọjọ́ Ajé, ni áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kì í ṣe pé ó jù ú sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ṣì dì í mú. Àwọn ìka ni kò di nǹkan kan mú. Áyọ́ọ̀nù eléèédú náà balẹ̀ sórí ẹ̀wù funfun dókítà kan tó wà lórí tábìlì, ó jó ihò sí àyà ẹ̀wù náà, ó sì já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó kọjá sí ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo bá a tó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ó ní, "Àbúrò, bá mi gbé nǹkan yìí nílẹ̀. Wọ́n ti kọṣẹ́ sílẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ìka mi. Wọn ò tilẹ̀ kìlọ̀ fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ibi tí àwọn ìka náà ti ń bọ̀.

Alágbàfọ̀ ni Bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà tí Bàbá ṣubú lórí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì kan tó ti lọ kó aṣọ ìbùsùn, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Màmá wa ti kú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ìfọṣọ kò sì mọ̀ pé egungun ẹnìkan dá: aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ti wà nínú omi, àwọn tó ni ín sì ń retí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun á wọ̀ ọ́ padà tí Bàbá bá dìde. Bàbá dìde lóòótọ́. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé yàrá àlejò, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò sì padà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Aṣọ ilé-ìwé náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí a fi gé e láti máa fi nu ilẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí omi ẹ̀rọ àdúgbò kì í pẹ́ dá. Ó ń fi ọwọ́ lásán po sódà mọ́ omi gbígbóná. Tí aṣọ ìbùsùn bá rin, ó wúwo bí òkú ẹran. Òun nìkan ló ń fún un, tó ń gbé e kọ́ sórí okùn. Lọ́sàn-án, á fẹ́ná èédú, á máa lọ aṣọ. Ìlà tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bá fà sára ṣòkòtò máa ń gún bíi pé rúlà ló fi fà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Àǹtí Rúlà. Nígbà tí atẹ́gùn gbígbẹ bá dé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á là, á sì máa ki fásílíìnì bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Mo rí i lọ́dún kan tó fi èèpo rọ́bà so ìka méjì pọ̀ kó lè rí nǹkan mú. Òun ló ní kí n forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé alẹ́ nígbà tí mo dàgbà. Ó ní ẹnìkan nínú ilé wa gbọ́dọ̀ mọ bí ìwé ṣe ń parí.

Dókítà tó ni ẹ̀wù tó jó kò bínú nígbà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Òun gan-an ló ní kí a gbé ọwọ́ náà wá kí òun wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní iṣan tó ń ká ìka ti ń gan, iṣẹ́ ló sì fà á. Tí wọ́n bá tètè fi iṣẹ́ abẹ là á, ọwọ́ á ṣí. Tó bá pẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, ẹ máa lọ sórí iye tó máa ná wa."

"Kò yẹ kó ná yín ní kọ́bọ̀. Àjọ Ìtọ́jú Òṣìṣẹ́ ló ń bójú tó irú èyí. Ẹ ṣáà mú ìwé wá pé ẹ ti ṣiṣẹ́ pẹ́."

"Ta ló máa fún mi níwèé? Èmi ni ọ̀gá, èmi ni ọmọ iṣẹ́. Kí n kọ lẹ́tà sí ara mi?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní àjọ náà mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ní ìwé. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà nínú Ìwádìí Ọlọ́dọọdún, ohun tó wà nínú ìwádìí náà ti tó ẹ̀rí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa, inú wa dùn débi pé a gbàgbé láti kí i kó tó jáde. Ilé wa wà nínú rẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí Bàbá ṣubú ni wọ́n mú ilé wa mọ́ àwọn ilé tí wọn yóò máa tọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wá bi àwọn ènìyàn kan náà ní ìbéèrè kan náà: iṣẹ́ wo lo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé o ti pààrọ̀ iṣẹ́, ṣé ara rẹ le. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí iṣẹ́ ẹ̀dá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń yí, àti ibi tó ń parí sí. N kò rí àléébù nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa nípa rẹ̀ ní ilé-ìwé alẹ́, mo sì gberaga nínú kíláàsì pé ilé tèmi wà níbẹ̀.

Obìnrin kan ló máa ń wá, nígbà tí oòrùn bá ti ga díẹ̀, pẹ̀lú báàgì awọ àti kàlẹ́ńdà ọ̀fẹ́. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dún kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá kí oorun tó gbé mi lọ.

"Ìyàwó mi ti dé! O mà ti ń gbó o."

"Ọkọ mi, ẹ̀yin náà ò kúkú kéré mọ́. Àwọn wo ló wà nílé?"

"Èmi nìkan ni. Gbogbo wọn ti jáde."

"Kò burú. Ẹ máa bá wọn dáhùn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

A lọ sí ọ́fíìsì ìwádìí náà lọ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wa lóhùn wọ táì, ó sì ní sùúrù. Nígbà tó rí nọ́ńbà ilé wa, ojú rẹ̀ dán.

"Ilé yín! Ẹ ò já wa kulẹ̀ rí. Àwọn míì ti kó lọ, àwọn míì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Bàbá yín kò fi ọdún kan jẹ wá níyà." Ó yí kọ̀ǹpútà sí wa kí a lè máa bá a kà á. "Bàbá nìyí: alágbàfọ̀, ó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Ọdún tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Bàbá yín le o! Ẹ̀yin náà, sà: ọmọ ilé-ìwé, ọmọ ilé-ìwé, òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi ńkọ́?"

Ó fa ojú ìwé náà sókè, ó fà á sísàlẹ̀. "Ọmọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà... kò ṣiṣẹ́, ó ń ṣèrànwọ́ nílé. Kò ṣiṣẹ́, ó ń ṣèrànwọ́ nílé. Kò ṣiṣẹ́." Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rẹlẹ̀. "Kò ṣiṣẹ́."

"Ọ̀rọ̀ ta lẹ̀ ń kà yẹn?"

"Tiyín ni, mà."

"Ta ló sọ ọ́ fún yín?"

"Ẹni tó bá wà nílé ló ń dáhùn fún ẹni tí kò sí nílé. Òfin wa ni."

"Mo gbọ́. Ẹ wò ó fún mi, ṣé wọ́n kọ ìdí tí n kì í fi í sí nílé?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó tinútinú. Ó ní, "Kò sí ìbéèrè yẹn níbí, mà."

Mo ti gbọ́ ìwọ̀sí nígbà ayé mi. Mo ti dúró níta ilé oníbàárà tó ní kí n máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò sí èyí tó dùn mí tó ìyẹn, nítorí pé pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ẹni tí iṣẹ́ lé kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n kọ pé kò ṣiṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ kò jẹ́ kó wà nílé láti sọ pé òun ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó sì jókòó ni ìwé gbàgbọ́.

Kò tíì tán o. Ó fi ìwé pẹlẹbẹ kan hàn wá, èyí tí wọ́n fi ń kéde ìwádìí náà, bóyá ó rò pé á tù wá nínú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í tètè rẹ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, pé ọkùnrin alágbàfọ̀ kan wà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí kò sinmi láti ìgbà tí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán. "Ó wú mi lórí," ni ohun tó sọ. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi kí ọkùnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ á ti máa ro ó."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tijú. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí ẹni tó fún wọn ní ìdáhùn wá fúnra rẹ̀ kí oṣù tó parí, kó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn yóò yọ àwọn ọdún náà kúrò lórí Bàbá, wọn yóò kọ wọ́n sórí ẹni tó ni wọ́n. Àmọ́ àwọn ọdún yẹn náà ni wọ́n wò kí wọ́n tó fún Bàbá ní káàdì àgbà òṣìṣẹ́ tó fi ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ọdún bá kúrò lórí rẹ̀, káàdì á bá a lọ.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí a délé. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì gbìyànjú kí ohùn mi má lọ sókè.

"Kí ni mo sọ tó burú?" ni Bàbá wí. "Wọ́n bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi. Orúkọ ta ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù?"

"Orúkọ yín ni, Bàbá. Ọwọ́ ta ló wà nínú omi?"

"Ṣé torí pé o kàwé alẹ́ lo ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí? Àwọn tó kà á lọ́sàn-án gan-an ò jẹ́ bú bàbá wọn."

"N kò bú yín, Bàbá. Wọ́n pè mí ní òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún wọn."

"Ìwọ ní ọ̀gá. Ọ̀gá rẹ gbà ọ́ síṣẹ́. Èyí, ọmọ mi ni. Ṣé mo gbà á síṣẹ́ ni? Ta ló ń pe ọmọ inú rẹ̀ ní òṣìṣẹ́? Ọmọ tó bá ń bá bàbá rẹ̀ ṣe nǹkan, ìrànlọ́wọ́ ló ń ṣe, Ọlọ́run á sì san án fún un."

"Kó yáa san án láti ibi ọwọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. "Bàbá, ẹ dákun, ìgbà wo lẹ dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́yìn?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ẹ sọ àwọ̀ ògiri rẹ̀ fún mi."

Bàbá ronú. "Àwọ̀ ewé ni. Èmi ni mo kùn ún."

"Wọ́n ti wó ilé yẹn, Bàbá. A ti kó lọ sí òdìkejì títì láti ìgbà tí àbúrò mi ti wà ní ilé-ìwé alẹ́. Mo sọ fún yín nígbà náà. Ẹ ní kò burú, kí n ṣáà rí i pé pátákó náà kò fọ́."

Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì, ó tún gbé e padà. Nígbà tó yá, ó ní, "Tí mo bá lọ sọ ọ́, wọ́n á gba káàdì mi."

Mo ní, "A ó máa ra oògùn yín, Bàbá."

"Pẹ̀lú ọwọ́ wo?"

"Pẹ̀lú tèmi," ni mo wí, "àti tirẹ̀, tí wọ́n bá là á."

Ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. N kò rò pé ó ti wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìka mẹ́ta tẹ̀ wọnú bí ẹni tó di owó ẹyọ mú. Ó ní, "Ó dáa. Màá lọ. Kó bá mi lọ ẹ̀wù funfun mi kó..."

Èmi ni mo lọ ẹ̀wù náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Áyọ́ọ̀nù lo fi lọ ọrùn rẹ̀ yìí àbí ìgúnpá? Àní kó o tẹ ibẹ̀! Ilé-ìwé alẹ́ ò kọ́ yín ní nǹkan kan." Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ti ń sọ ohun tó máa fi ọwọ́ náà ṣe tí wọ́n bá là á tán. Ó ní òun á kọ́kọ́ fi di irun ara òun fúnra òun.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà la lọ. Bí Bàbá ṣe fi ọ̀pá wọ ọ́fíìsì, ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì dìde, àwọn tó wà lódìkejì náà dìde. Ọ̀rọ̀ ti tàn láàárín wọn. "Alágbàfọ̀ wa rèé!" Wọ́n wá láti yàrá míì láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún un. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn tẹrí ba fún un, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lọkùnrin inú ìwé wa. Ẹ̀yin la fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́." Ẹnìkan fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Mo ń wo ojú Bàbá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dìde fún un.

Ọ̀gá wọn jókòó. "Wọ́n ní ẹ fẹ́ tún àwọn ìdáhùn kan ṣe. Bàbá, lẹ́yìn tí ẹ ṣubú, ta ló ń ṣe iṣẹ́ ìfọṣọ yẹn?"

Gbogbo wọn ṣì dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Iṣẹ́ mi ni," ni Bàbá wí. "Ọmọ dáadáa lọmọ mi yìí. Kò fi mí sílẹ̀ rí. Ó máa ń ràn mí lọ́wọ́."

"Bàbá!" Mo ti dìde.

"Jókòó. Àgbàlagbà ń sọ̀rọ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì gbìyànjú. N kò ní fi ìyẹn dù ú. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń ràn yín lọ́wọ́?"

"Ìgbàkígbà tó bá ráyè."

Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni. Mo ní kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n bi òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n bi dókítà, kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni ní títì náà ẹni tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Rúlà. Mo ní èmi náà gbé inú ilé yẹn, ojú mi ló ṣe. Ọ̀gá wọn gbọ́ mi dópin. Ó wá yẹ ìwé wò, ó ní ìdáhùn ilé kan kò ṣeé yí padà láti ẹnu ẹni tí kò dáhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwádìí tí wọ́n ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí kó jọ á bàjẹ́. Èmi náà kò sì dáhùn rí. Lọ́dọọdún ni wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ mi: kò sí nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wọn jà. Ó ń wo Bàbá, Bàbá sì ń wo ilẹ̀.

"Ohun tí a lè ṣe," ni ọ̀gá wọn wí, ó sì dájú pé àánú wa ṣe é, "ni kí Àǹtí dáhùn ti ọdún yìí fúnra wọn, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti wà níwájú wa." Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ǹjẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ kankan, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan?"

Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ kó parọ́.

"Rárá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ǹjẹ́ ẹ wá iṣẹ́?"

"Rárá."

"Kí ló fà á?"

"Ọwọ́ mi."

"Àìsàn. Ṣé iṣẹ́ ló fa àìsàn náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó pe onítáì, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà kò gbà á. Onítáì ló padà ṣàlàyé, kò sì wo ojú wa nígbà tó ń sọ ọ́: ẹni tí ìwé ti fi hàn pé kò ṣiṣẹ́ rí, kò lè ní àìsàn tí iṣẹ́ fà. Ẹ̀rọ náà kà á sí àṣìṣe. Wọ́n bá mú "ìdí mìíràn", ó sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n fún wa ní kàlẹ́ńdà.

Àjọ Ìtọ́jú Òṣìṣẹ́ kò sanwó, wọn kò sì la ọwọ́ náà. Kí ọdún tó parí, ìka mẹ́ta ti gan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, dókítà sì ní ó ti pẹ́ jù. A ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Bàbá ṣì ń gba oògùn rẹ̀. Gbogbo ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣiṣẹ́ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ Bàbá wa.